Ọ̀rọ̀ Méjì Nínú Ìwé Issa

"Má kánjú, ọmọ ọ̀gá mi," ni Issa wí. "Ìlú wa jìn. Tí o bá kọjá Sokodé, wàá sọdá odò kan. Ìyá mi wà níbẹ̀, òrí ló ń tà. Orúkọ rẹ̀ ni..."

"Damaris, ṣé o ò lọ mọ́ ni?" Fúnkẹ́, akọrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ló ń pariwo láti ìta.

Damaris di bírò mú, ó ń wo ojú fèrèsé. Ọjọ́ Sátidé kan ni, lọ́dún 1978. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ti ń lọ fi orin ìkórè dánra wò ní ṣọ́ọ̀ṣì, Damaris ni yóò sì lé orin lọ́dún náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá pẹ́, Fúnkẹ́ ni wọn yóò fi rọ́pò òun.

Ìwé àdéhùn Issa, lébìrà tuntun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ gbà, ló wà níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Ọ̀sì ti ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ gba lébìrà láti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ ìwé. Oúnjẹ lébìrà náà, ibi tí yóò sùn, ìtọ́jú rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá àti owó ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sílé, ọrùn ọ̀gá ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ọdún bá pé, ọ̀gá yóò ra kẹ̀kẹ́ tuntun fún un. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ìlú rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ kan pẹ̀lú àdírẹ́sì, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Japhet Olóyèdé, bàbá Damaris, kò mọ̀wé. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ń bá a kọ gbogbo ìwé, ó sì máa ń fi í yangàn láàárín àwọn àgbẹ̀.

Ìlà mẹ́rin gbáko ni àdírẹ́sì ìbátan yìí fẹ́ gbà. Damaris kọ "Tógò" síbi ìlú. Síbi ìbátan, ó kọ "Kò sí". Ó ní kí Issa tẹ̀ka, ó sì sáré jáde. Ẹ má bínú sí i jù, kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ní òun máa tún un kọ lọ́la. Ọ̀la dé, ó gbàgbé pátápátá.

Issa mọ iṣẹ́ oko. Ó tún máa ń sú fèé bó bá ń ti oko kòkó bọ̀, ẹ ó ti máa gbọ́ ọ kó tó yọ. Iṣẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ Bàbá débi pé ó ra kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ kí ọdún tó pé. Ó ku oṣù kan péré tí Issa yóò padà sílé ni ejò bù ú ṣán lẹ́sẹ̀ nínú oko. Orí kẹ̀kẹ́ tuntun yẹn ni Bàbá gbé e sí, tó fi gbé e dorí ọ̀nà ọsibítù. Wọn kò débẹ̀ tí ẹ̀mí fi bọ́.

Ààfáà tó wá kírun sí i lára béèrè pé, "Ọmọ ta ni? Níbo ni ká ránṣẹ́ sí?"

Bàbá ní kí Damaris mú ìwé wá kó kà á. Ó kà á. "Ìlú, Tógò. Ìbátan, kò sí."

"Ọmọ òrukàn ni," ni Bàbá wí, ó sì bú sẹ́kún. "Kò sọ fún mi rí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí Damaris ti sọ̀rọ̀. Ojú tì í, ó pa ẹnu rẹ̀ dé, wọ́n sì sin ọmọ ọlọ́mọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò lẹ́nì kan láyé.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ní kíláàsì jọ́gíráfì, ìka rẹ̀ á máa rìn lórí àwòrán ilẹ̀ Tógò, á kọjá Sokodé, á wá odò kan, á dúró. Kò mọ ibi tó kàn. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn olóògbé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan tó ń ta òrí ni yóò máa rí, tó jókòó, tó ń wo ojú ọ̀nà. Kò lé orin mọ́. Èyí tó burú jù ni kẹ̀kẹ́ tí Bàbá gbé ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gùn. Àràárọ̀ ni Damaris ń fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Bí aṣọ rẹ̀ bá kan aago kẹ̀kẹ́ náà, tó dún fẹ́ẹ́rẹ́, á gbọ́ ọ létí rẹ̀ pé, "Má kánjú, ọmọ ọ̀gá mi." Ẹ̀rù á sì bà á lójú ọ̀sán gangan.

Ọdún méjì kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé tọ̀ wọ́n wá, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Damaris wo ojú rẹ̀, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ojú Issa gan-an ni.

"Abdulwahab ni mí," ni ọkùnrin náà wí. "Àbúrò mi ni mò ń wá. Ìlú kẹsàn-án nìyí."

Bàbá àti Damaris mú un lọ síbi sàréè. Nígbà tí wọ́n dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá wa ti kú," ló wá wí. "Ojoojúmọ́ ló ń bu oúnjẹ Issa sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ tó kú, abọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Ó gbójú sókè. "Wọ́n ní ẹ máa ń kọ ìwé níhìn-ín. Kí ni àbúrò mi sọ nípa wa?"

Nígbà tí wọ́n padà délé, Bàbá na ìwé náà sí Damaris. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló mọ̀wé. Ó lè sọ pé òjò ti pa ìwé náà. Ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àdírẹ́sì tó bá wù ú, wọ́n á gbà á gbọ́.

"Ìbátan, kò sí," ló kà. "Èmi ni mo kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ó fẹ́ dárúkọ ìyá yín fún mi, n kò dúró gbọ́. Mo ń kánjú lọ kọrin. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọmọ òrukàn."

Bàbá wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Abdulwahab kò bú u, kò sì sọ pé òun dárí jì í.

"Mú bírò wá," ló wí. "Mémúnà ni orúkọ ìyá wa. Kolína ni ìlú wa, lẹ́yìn Sokodé, o máa sọdá odò."

Damaris kọ ọ́ láìkù síbì kan, omijé ń kán sórí ìwé. Ó tán nínú ìlà mẹ́rin. Abdulwahab ká ìwé náà sápò, ó ti kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ tí Bàbá fà lé e lọ́wọ́ jáde, aago rẹ̀ sì ń dún lórí òkúta títí ó fi dé ibùdókọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí àwọn òbí yín ń gbé bírò lé lọ́wọ́, ohun tí Damaris fi ojú ara rẹ̀ rí nìyí: ohun tí ẹ bá kọ nípa ẹlòmíràn lè di gbogbo ohun tó kù nípa rẹ̀ láyé. Ẹ dúró gbọ́ ọ tán. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, nítorí ẹni tó ń retí lè má dúró dè yín. Damaris ló ń kọ ìwé fún gbogbo lébìrà tó bá dé Ọ̀sì báyìí. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, yóò gbé bírò rẹ̀ dúró, yóò tún bi wọ́n pé, "Ta ló ń retí yín nílé?"