Ọjọ́ Tí Kíá Kọ̀ Láti Jẹ́ Iṣẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ẹrẹ́nà. Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Kíá ni wọ́n ń pe ọmọ yìí, nítorí pé kì í lè jókòó.

Fìrì! Ó wà ní yàrá. Fìrì! Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Fìrì! Ó ti padà.

Inú ilé kan náà ni Kíá, màmá rẹ̀ àti Ìyá Àgbà ń gbé. Ìyá Àgbà ni ó bí màmá Kíá. Aránṣọ ni Ìyá Àgbà.

Ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún ọ̀tún Ìyá Àgbà. Rọ́bọ́ọ̀tì kan ran dókítà lọ́wọ́.

"Ṣé rọ́bọ́ọ̀tì náà ní ojú?" ni Kíá béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà.

"Rárá o. Apá gígùn kan ni. Kì í gbọ̀n."

"Ṣé òun nìkan ló ṣe é?"

"Ó tì o! Dókítà ló ń darí ẹ̀. Ibi tó ti bàjẹ́ lára eegun ni wọ́n gé kúrò. Wọ́n wá fi irin àti ike dídán rọ́pò ẹ̀. Dókítà ló sọ fún mi. Èmi ń sùn ní tèmi!"

Kíá fẹ́ kí orúnkún tuntun náà tètè san. Nítorí náà, ó ń jẹ́ iṣẹ́.

"Kíá, bá mi mú awò ojú mi wá."

Fìrì! "Òun nìyí, mà."

"Kíá, bá mi bu omi."

Fìrì! "Omi rè é, mà."

"Kíá, bá mi ṣí fèrèsé."

Fìrì! Gbà! "Mo ti ṣí i, mà."

"Ọmọ dáadáa," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ tó mọ iṣẹ́ ẹ́ jẹ́."

Ìyá Àgbà kò dìde. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fún un láti máa fi rìn dúró ti ògiri. Ó dúró, ó dúró.

Kó, kó, kó! Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

Olùkọ́-ìrìn ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ́ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bí wọn yóò ṣe tún rìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ẹsẹ̀ yín, mà."

Ìyá Àgbà ká a díẹ̀. Díẹ̀ báyìí. "Yéè!"

"Ó ti ń le, mà. Ṣé ẹ̀ ń rìn?"

"Kí ni mo fẹ́ rìn fún? Mo bímọ, ọmọ mi bímọ. Ta ló bímọ tán tó tún ń lọ bu omi fúnra ẹ̀?"

"Tí ẹ ò bá rìn, á le gan-an, mà. Ẹsẹ̀ tó bá le ò ní lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ o."

Fìrì! Kíá ti dé iwájú Olùkọ́-ìrìn.

"Ṣé rọ́bọ́ọ̀tì lè wá bá wọn rìn?"

"Rọ́bọ́ọ̀tì ti ṣe tiẹ̀," ni Olùkọ́-ìrìn wí. "Dókítà náà ti ṣe tiẹ̀. Ó ku ìrìn. Èèyàn ò sì lè rán ọmọ ní ìrìn. Kí ẹnìkan ṣáà máa dúró tì wọ́n."

Ó lọ. Kíá yí àga po. Ó tún yí i po. Kí ni òun yóò ṣe?

"Kíá, bá mi mú ìbòrí mi ní yàrá."

Ẹsẹ̀ Kíá fẹ́ sáré. Kíá yára jókòó. Ó di àga mú gírígírí.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò lọ."

Ní ilé ìdáná, ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Gbàràn!

"Kí lo wí? Ṣé ara ẹ dá?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ."

"Èmi! Ìyá Kíá, wá gbọ́ ohun tí ọmọ ẹ wí!"

Màmá sáré dé. Ó la ẹnu láti bá Kíá wí. Ó wo orúnkún Ìyá Àgbà. Ó pa ẹnu dé.

"Òótọ́ lọmọ sọ, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Ìyá Àgbà pòṣé. Ó di irin mú.

Kò! Ẹsẹ̀ kan. Kò! Ẹsẹ̀ kejì. "Yéè." Kò!

Ẹsẹ̀ Kíá ń yún un. Ó ń mì lórí àga bí ewé. Ṣùgbọ́n kò dìde.

Kò! Kò! Ìyá Àgbà dé yàrá. Ó fi ìbòrí bo orí. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí!" ni ó wí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, Kíá tún kọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ńkọ́? Ó kọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá Àgbà ní, "Kíá, bá mi..." Ó wo Kíá. "Háà, mo gbàgbé. Olórí-kunkun ni ẹ́." Ó sì dìde. Kò! Kò!

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Olùkọ́-ìrìn padà wá.

"Ẹ ká a, mà."

Ìyá Àgbà ká a. Ó ká dáadáa!

"Háà! Ta ló ràn yín lọ́wọ́, mà?"

"Ọmọ kan tí kì í jẹ́ iṣẹ́ ni," ni Ìyá Àgbà wí. Ó sì dìde fúnra rẹ̀ láti sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ nìyí: Olùkọ́-ìrìn, tí ó ń pàtẹ́wọ́. Màmá, tí ó dúró nítòsí. Kíá, tí ó jókòó. Àti Ìyá Àgbà, tí ó ń rìn.