Obìnrin Àárín Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn

Ọjọ́ tí ọ̀nà kọ̀ tí kò ká fún Akínlẹ́yẹ ni ó kọ́kọ́ fojú kan Olúfúnmiláyọ̀.

Ní Alímọ̀ṣọ́ inú ìtàn yìí, ẹnu ni wọ́n fi ń rin ìrìn àjò. Tẹlifóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, àwọn kan sì ti ń fi sólà tan iná sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ti akánà, àwọn tó ń ká ọ̀nà, ni. Bí ènìyàn bá fẹ́ ti Ìkòtún lọ sí Ìjẹ̀gùn, yóò di etí aṣọ akánà mú. Akánà yóò pe ohùn mẹ́ta, ọ̀nà yóò ká bí ẹní. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta péré, wọ́n á ti dé.

Ọgbọ̀n ọdún ni Akínlẹ́yẹ ti ń ká ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Ìgbànú awọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni ó ń sán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó ti kó èrò tó kẹ́yìn dé Ìjẹ̀gùn, ó ń dá padà sílé. Ó pe ohùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ọ̀nà sì já. Ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́.

Nígbà tí ó gbójú sókè, ó rí ilé. Ó rí ṣọ́ọ̀bù, ó rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ó rí àwọn ènìyàn tó ń wò ó. Kò rí ibẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá," obìnrin kan wí láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Àbí ẹ̀yin ni atẹ́gùn?"

"Atẹ́gùn wo?"

"Èyí tó máa ń da gààrí mi nù láràárọ̀. Bí ẹ bá ń kọjá lórí wa, atẹ́gùn yẹn nìkan là ń rí."

Akínlẹ́yẹ ń nu ojú. "Wọ́n kọ́ wa pé bí ọ̀nà bá ti ká, oorun ló máa ń gbé àwọn tó wà láàárín lọ. Pé wọn kì í mọ nǹkan kan."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ìyá Fàdìlàt, ẹ wá gbọ́ o! Wọ́n ní ṣe là ń sùn!"

Olúfúnmiláyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Oǹdó ni, ó ti kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ogún ọdún. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó ń fi sólà gba iná. Àwọn akánà kì í dúró fún ará àárín ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ ọjà, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń pọn aláìsàn. Ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi lọ ra kẹ̀kẹ́.

"Ẹ wọlé, kí n gbé yín dé Ìkòtún."

"Òfin ẹgbẹ́ wa kò gbà á. Akánà tó bá wọ ẹ̀rọ, wọ́n á gba ìgbànú rẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ máa rìn nígbà náà." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú. "Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀ ṣá."

Akínlẹ́yẹ wo ojú ọ̀run, ó tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọ kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ náà ń jù wọ́n sókè sódò. Akínlẹ́yẹ ń rí ilé ìwé, ó ń rí káfíńtà tó ń fá pákó, ó ń rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń na tí kò sì sunkún. Lẹ́yìn náà, ó rí ògiri funfun kan.

"Ẹ dúró," ó ní.

Itẹ́ òkú ìjọ wọn ni, kò jìnnà sí Ìkòtún mọ́. Níbẹ̀ ni Ẹniọlá, ìyàwó rẹ̀, wà. Ọdún mẹ́rin ti kọjá tí wọ́n ti sin ín. Láti ọjọ́ náà, Akínlẹ́yẹ kò tẹ ibẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ ayé ni ó ń ká ọ̀nà kọjá lórí rẹ̀.

Tíṣà pa ẹ̀rọ. Akínlẹ́yẹ sọ̀ kalẹ̀, ó tiro lọ sídìí ibojì. Nígbà tí ó padà dé, tí ojú rẹ̀ pọ́n, Tíṣà na omi inú ọ̀rá sí i.

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkọ tèmi ti kú," ó wí. "Ẹ mu omi."

Ó mu ún, kẹ̀kẹ́ sì gbé wọn dé Ìkòtún.

Ẹsẹ̀ Akínlẹ́yẹ jinná lọ́sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbi tó ṣubú sí. Ní ìrọ̀lẹ́, bí iṣẹ́ bá ti parí, yóò fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó ní ibojì ni òun ń lọ tún ṣe. Bí ó bá tún ibojì ṣe tán, yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Tíṣà, yóò jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, yóò gbọ́ bí ó ṣe ń bú oníbàárà tó bá na ọwọ́ sínú gààrí.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé àkàrà sílẹ̀. "Tíṣà mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣe aya."

Tíṣà wò ó. "Kí ló dé tí ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìròyìn?"

"Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀." Ojú tì í, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ojú ọ̀nà ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yín ńkọ́? Àti bọ̀dá mi?"

Ẹgbẹ́ ti gbọ́. Ìyábọ̀dé, ẹ̀gbọ́n Akínlẹ́yẹ obìnrin, ni olórí àwọn akánà Ìkòtún. Ó pe àbúrò rẹ̀ sínú yàrá.

"Wọ́n rí ọ nínú kẹ̀kẹ́."

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o mọ ìdí tí ọ̀nà fi já mọ́ ọ lẹ́sẹ̀? Ẹni tó ń ká ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní ibi tí ọkàn rẹ̀ ń lọ. Láti ìgbà tí Ẹniọlá ti kú, inú òfìfo lo ń ká ọ̀nà lọ. Mo rí i, mo panu mọ́."

"Mo ti ní ibi tí ọkàn mi ń lọ báyìí."

"Àárín ọ̀nà!" Ìyábọ̀dé pàtẹ́wọ́. "Níbo ni akánà ti ń dúró láàárín ọ̀nà? Akínlẹ́yẹ, kẹ̀kẹ́ obìnrin yẹn ni yóò pa iṣẹ́ bàbá wa. Lónìí, ó jẹ́ ẹyọ kan. Bí ó bá di ogún, ta ni yóò di etí aṣọ wa mú? Mo fún ọ di ọjọ́ Sátidé. Búra pé o kò ní dé ibẹ̀ mọ́, tàbí kí o bọ́ ìgbànú bàbá wa fún mi."

Akínlẹ́yẹ jáde. Ó lọ bá Báyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n Tíṣà ọkùnrin, pé òun fẹ́ fẹ́ àbúrò rẹ̀. Aládùúrà ni Báyọ̀dé, aṣọ funfun ni ó wọ̀ jókòó, kò sì fún un ní àga.

"Ẹ gbọ́," Báyọ̀dé wí. "Ní èṣí, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ìyá wa dákú. Mo dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú súùtánà mi yìí, mo ń ju ọwọ́ láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni atẹ́gùn yín kọjá lórí mi. Kẹ̀kẹ́ kò tíì sí nígbà náà, ìyá wa kú sí ẹ̀yìn mi kí a tó rìn dé Ìkòtún. Ẹ wá ní kí n fún akánà ní àbúrò mi?"

Akánà mẹ́fà ló wà lójú ọ̀nà náà. Akínlẹ́yẹ lè panu mọ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

"Èmi ni mo ṣiṣẹ́ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà," ó ní. "Èmi nìkan. Èmi ni mo kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Tíṣà, tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, fi ọwọ́ bo ẹnu.

Akínlẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "N kò rí yín. N kò sì wò. Ẹ dárí jì mí."

Báyọ̀dé kúrò lórí àga. "Dìde," ó ní. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ̀ bá ti purọ́, ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àbúrò mi, ẹ wá tọrọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn wá, láti Ìkòtún, ẹ̀yin àti ẹbí yín. Olórí ẹgbẹ́ yẹn gan-an ni kí ó wá tọrọ rẹ̀."

Akínlẹ́yẹ délé, ó bọ́ ìgbànú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyábọ̀dé. "Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn lọ." Ìyábọ̀dé gba ìgbànú, ó sì wọlé.

Ní àárọ̀ Sátidé, Akínlẹ́yẹ dúró ní Ìkòtún, níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó gbé ẹrù iṣu lé èjìká. Ó dúró, kò rí ẹnì kankan. Ó ti rìn bí ogún ẹsẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn.

"Ṣé ó dára bí o ṣe ń sáré yẹn?"

Ìyábọ̀dé ni, ó gbé bàtà dání, ó ru igbá obì àti orógbó.

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Má wò mí. Àbúrò mi kì í dá lọ tọrọ ìyàwó."

Wákàtí méjì ni wọ́n fi rìn. Obìnrin kan tó ń pọn omi kí wọn: "Ẹ kú ìrìn o, màmá!" Ìyábọ̀dé fò sókè bí ẹni tí òkú kí. Níwájú díẹ̀, bàbá kan na ọwọ́ fi ibi tí atẹ́gùn ti ṣí páànù òrùlé rẹ̀ hàn wọ́n. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìyábọ̀dé wo òrùlé náà pẹ́.

"Ẹ má bínú," ó ní. Akínlẹ́yẹ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ilé Báyọ̀dé ti kún. Ìyábọ̀dé sọ igbá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú bí ó ṣe dàgbà tó. "Òdòdó kan wà nínú ọgbà yín tí ó wù wá," ó ní. "A ti ń kọjá lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni."

Báyọ̀dé mi orí, ó gbà. Ó pe àbúrò rẹ̀ jáde.

Ìyábọ̀dé kọjú sí i. "Tíṣà, n kò ní tàn ọ́. Mo ti gba ìgbànú lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ní dá a padà, òfin ni òfin. Ọkùnrin yìí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Kò tún mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ í sọ. Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

"Màmá, ìyá wa ló kú lọ́jọ́ tí ó kọjá lórí wa yẹn," Tíṣà dáhùn. "Mo sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ó jẹ́wọ́. Mo wá rí i pé ẹni tó lè sọ irú òótọ́ yẹn fún mi, kò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún mi láyé. Mo fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ wà. Mo máa kọ́ ọ ní wíwa kẹ̀kẹ́."

"Èmi?" Akínlẹ́yẹ ní.

"Ẹ̀yin ni o. Akẹ́kọ̀ọ́ tó burú jù yín lọ ti gba ọwọ́ mi kọjá rí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Báyọ̀dé gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀.

Tíṣà gbé abọ́ omi jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú Akínlẹ́yẹ. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún.

"Fi sílẹ̀, olùfẹ́ mi. Màá fọ̀ ọ́ fúnra mi."

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ wá, olówó orí mi, ẹ má bá mi jiyàn."

Ó gbé ẹsẹ̀ fún un. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyábọ̀dé wọ́ àga súnmọ́ wọn, ó sì na ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà síwájú abọ́.

"Bí ẹ bá parí tiyín," ó wí, "àwa kan wà lórí ìlà."