Ọwọ́ Tí Sonia Kọ́ Nílé

Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ìtàn yìí, n kò sì ní fi pamọ́.

Àgbẹ̀ ni Gervais, ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Soclogbo. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ṣùgbọ́n ó ń lu ìyàwó rẹ̀, ó ń lu Sonia ọmọ rẹ̀, ó sì ń kọ́ ọmọ náà pé, "Ẹni tó bá tọ́ ọ, lù ú bolẹ̀."

Sonia gbọ́ ẹ̀kọ́. Lórí àpáta tí wọ́n ń sá iṣu èlùbọ́ sí, níbi tí àwọn ọmọdé ti jọ ń lé ewúrẹ́, ó lu gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n kó iṣu wọn lọ sórí àpáta mìíràn, ó ku òun nìkan. Kò ṣeré mọ́, oúnjẹ kò wù ú. Á gbé orí lé eékún, á máa wò wọ́n lókèèrè. Baba rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, ó tún nà án. Irú ìkà wo nìyẹn?

Lọ́jọ́ kan òjò ṣú. Àwọn ọmọ yòókù ran ara wọn lọ́wọ́ kó iṣu wọn. Ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ Sonia. Iṣu rẹ̀ rin gbindin, òun náà jókòó sínú òjò, kò tilẹ̀ dìde.

Nígbà tí Gervais gbọ́ pé iṣu ti bàjẹ́, ó fi ìbínú gun òkè, ó gbé igi sókè sí àwọn ọmọ tí kò ran Sonia lọ́wọ́. Rébecca, ọ̀rẹ́ Sonia tẹ́lẹ̀, kò sá. Ó ní, "Papa Sonia, bí Sonia náà ṣe máa ń gbé ọwọ́ sókè nìyẹn."

Gervais bojú wẹ̀yìn. Sonia ti fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

Éloi aládùúgbò rẹ̀, tó wá gbé iṣu tirẹ̀, sọ fún un pé: "Gervais, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lọmọ yìí ń jẹ. Ké pe Jésù, kí o tó ba ayé rẹ̀ jẹ́ tán."

Gervais kúnlẹ̀ lórí àpáta tútù náà. Ó bẹ Olúwa, ó bẹ Sonia, ó bẹ àwọn ọmọ náà pẹ̀lú.

Má rò pé ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn ọmọ ṣì ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn padà, Rébecca gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá sí ìkángun àpáta Sonia. Sonia sún iṣu tirẹ̀ sẹ́yìn, kí Rébecca lè ráyè.

Ìwọ tí ọmọ rẹ ń dá jókòó, má bú ọmọ aládùúgbò. Wo ọwọ́ ara rẹ. O ń gbé e sókè yin Ọlọ́run lọ́jọ́ Àìkú, o sì ń fi lu ọmọ lọ́jọ́ Ajé. Ọlọ́run rí ọ, inú sì ń bí i. Síbẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ yẹn ni wọ́n ṣe kan ọwọ́ Jésù mọ́ igi. Ronú pìwà dà lónìí, kí ọmọ rẹ tó ti iléèwé dé.