Ibi Tó Tẹ̀ Lára Fèrè Tonye

Fèrè ni Morìnsọ́lá kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó ni ín. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó kù díẹ̀ kó yà wọ GRA Àpápá níbi tí ilé bàbá rẹ̀ wà, ni kẹ̀kẹ́ Márúwá kan bá ń sáré bọ̀ níwájú rẹ̀. Fèrè idẹ ràgàjì kan, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó báàfù, yọ síta láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń dán yanran lára rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbàù! Díńgí ọkọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ wo díńgí. Fèrè ló gbá mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ pa ibi tó ti tẹ̀ wọnú.

"Ọ̀gbẹ́ni, díńgí mi ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, àǹtí." Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ohun tí Morìnsọ́lá fẹ́ wí sì fò lọ lórí rẹ̀. "Tonye lorúkọ mi. Panẹlibítà ni mí, èmi ni mò ń lu ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀ padà sípò, l'Ájégúnlẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ lé wa, màá fi òmíràn síbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Fèrè yìí gan-an, lílù díẹ̀ ni, á padà bọ̀ sípò."

Lóòótọ́ ló fi díńgí tuntun síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrè ńkọ́? Oṣù kan kọjá, òmíràn wọlé, ibi tó tẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ebiere, ọmọbìnrin tó ń fọn fèrè kékeré nínú ẹgbẹ́ afọnfèrè tí Tonye ń darí, ló tú àṣírí.

"Àǹtí, Bọ̀dá Tonye ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi òòlù kan ibẹ̀ o. Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ti pàdé yín."

Inú Morìnsọ́lá dùn débi pé kò mọ ibi tó máa fojú sí. Nígbà yẹn, kò sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí kì í lọ wo ẹgbẹ́ náà níbi tí wọ́n ti ń fi orin dánra wò. Ohun tó rí yà á lẹ́nu. Nínú gbogbo fíìmù tó wò dàgbà, ọmọ tó bá ń fọn fèrè nílé ìwé máa ń wọ awò ojú tó nípọn, kì í lọ́rẹ̀ẹ́, àwọn ọmọge sì máa ń sá fún un. L'Ájégúnlẹ̀, àwọn afọnfèrè ni gbogbo àdúgbò ń tọ̀ lẹ́yìn.

"Ṣé wọn ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ rí nílé ìwé ni?" ó bi Tonye.

"Èmi kẹ̀? Ọmọ GRA, fíìmù ti bà ẹ́ jẹ́." Tonye rẹ́rìn-ín, ló bá rọra bẹ̀rẹ̀ ìtàn. "Èmi ni mo kéré jù, èmi ni wọ́n sì gbé fèrè tó tóbi jù fún. Lọ́jọ́ òmìnira, níbi tá a ti ń yan, mo ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀, fèrè bò mí mọ́lẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló wà lẹ́yìn wa. Wọ́n fi ìlà wọn sílẹ̀, wọ́n gbé tèmi-tìfèrè léjìká. Orí èjìká wọn ni mo ti fọn orin náà parí."

Kò sọ ọ́ fún obìnrin kankan rí.

Eré ni Morìnsọ́lá ń kọ fún Ọ̀gá Báyọ̀, tó ń ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n. Ó tọrọ ìtàn náà lọ́wọ́ Tonye, ó sì kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Báyọ̀ kà á, ó yínmú.

"Ta ló máa gba èyí gbọ́? Afọnfèrè, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa gbé e léjìká? Jẹ́ kó ṣubú, kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, kí wọ́n máa lọ. Irú ọmọ yẹn làwọn èèyàn mọ̀."

Morìnsọ́lá mọ̀ pé irọ́ ni èyí tí Báyọ̀ fẹ́. Ṣùgbọ́n eré àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ nìkan máa wà lórí ẹ̀ nìyí. Ó yọ àwọn tó gbé ọmọ náà kúrò. Kò sọ fún Tonye.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya eré náà, nínú ọgbà ilé ìwé kan ní Àpápá, Tonye kó ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kó wá fọn fèrè nínú eré náà, dé nínú aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Báyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín awò ojú gbàgbà-gbàgbà fún wọn, pẹ̀lú ṣòkòtò tó ga ju kókósẹ̀ lọ.

Ebiere gbé awò tirẹ̀ sójú, ó yọ ọ́. "Bọ̀dá, abeg, ta ni wọ́n fẹ́ ká jẹ́?"

"Ẹ̀yin ni ọ̀dẹ̀ ilé ìwé," Báyọ̀ dáhùn. "Èyí tó gbé fèrè ńlá máa ṣubú, gbogbo ọmọ ilé ìwé á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀."

Tonye kò wo Báyọ̀. Ojú Morìnsọ́lá ló ń wò.

"Morìn, àwọn tó gbé mi dà?"

Báyọ̀ tẹjú mọ́ Morìnsọ́lá, Tonye náà tẹjú mọ́ ọn. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde.

"Ó dáa," ni Tonye wí. Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ.

Ìgbà tí wọ́n ti jáde nínú ọgbà tán ni ohùn Morìnsọ́lá tó padà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká dá àwọn tó gbé e padà síbẹ̀."

"Bó o bá fọwọ́ kàn án, má wá síbi iṣẹ́ mọ́."

"Mo gba ìtàn náà padà nìyẹn, sà. Kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe tiyín." Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ó pe Tonye títí, kò gbé e. Ló bá kọrí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀. Tonye ló bá lórí àpótí, fèrè wà lórí eékún rẹ̀, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró yí i ká, ẹnikẹ́ni kò kí Morìnsọ́lá. Ebiere kọ̀yìn sí i.

"Tonye."

Ó gbé òòlù sókè lórí ibi tó tẹ̀.

Morìnsọ́lá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì dúdú tó wà nílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀.

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò."

"Mi ò ní mú un."

"Morìn, màá lù ú o."

"Lù ú. Orúkọ mi tí mo fẹ́ kó hàn ló jẹ́ kí n yọ àwọn tó gbé ẹ kúrò. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. O bi mí lójú gbogbo èèyàn, mo dákẹ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Mo ti gba ìtàn ẹ padà. Mi ò níṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe kó o lè ṣàánú mi ni mo ṣe wá. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ kí ibí yìí pa rẹ́."

Òòlù kò sọ̀ kalẹ̀. Morìnsọ́lá dijú pinpin. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí irin kan ilẹ̀.

Nígbà tó lajú, omi ló wà lójú Tonye.

"O ti ba aṣọ ẹ jẹ́," ó wí. "Ọ́ìlì yẹn kì í lọ."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Tonye mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́ tí mo bá wá rí bàbá ẹ ní GRA, fèrè yìí ni mo máa gbé wá. Wọ́n máa ní irú panẹlibítà wo rèé, tí fèrè ara rẹ̀ tẹ̀. Kí ni kí n sọ?"

Ó ṣe díẹ̀ kí ìbéèrè náà tó yé Morìnsọ́lá. Ìgbà tó yé e pé Tonye fẹ́ wá tọrọ òun lọ́wọ́ bàbá òun, ẹkún bá ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

"Sọ pé ọmọ wọn ló tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé o gbà nìyẹn?"

"Mo gbà, olólùfẹ́ mi."

Ebiere ló kọ́kọ́ gbé fèrè sẹ́nu, àwọn yòókù gbè é. Tonye na ọwọ́ sí fèrè ńlá náà láti gbé e kọ́rùn, Morìnsọ́lá sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó bá a gbé e.