Egbò Tí Tíṣà Bò Mọ́lẹ̀

Pèrègún mẹ́ta ni bàbá wọn gbìn sí ààlà oko náà kó tó kú. Apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ó fi fún Akínbọ̀wálé. Apá kejì, ó fi fún Jayéọlá.

Láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1988, Akínbọ̀wálé mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán, ó ní òun ń lọ wo àgbàdo òun. Gbogbo Ayétòrò ló mọ̀ ọ́n sí Tíṣà, nítorí pé iléèwé ìjọ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́rìndínlógún.

"Ẹ má pẹ́ o," ni Dinah ìyàwó rẹ̀ wí nídìí aṣọ tó ń fọ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la."

"Kí ló fẹ́ mú mi pẹ́? Àgbàdo kì í bá èèyàn tàkúrọ̀sọ."

Dinah rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó rín gbẹ̀yìn nìyẹn fún ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí Tíṣà dé oko, pèrègún kan ṣoṣo ló bá ní àyè rẹ̀. Wọ́n ti hú méjì, wọ́n ti tún wọn gbìn sáàárín àgbàdo rẹ̀, ewé wọn sì ti rọ. Jayéọlá àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kọ ebè lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Jayéọlá! Ta ló ní kí o hú ohun tí Bàbá gbìn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ń gba owó oṣù. Ọkọ́ yìí ni owó oṣù tèmi. Ẹ fi ìwọ̀nba yìí sílẹ̀ fún mi."

"Olè!"

"Ta lẹ pè lólè?" Jayéọlá nà ró. "Ṣé torí pé ẹ ń mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ lẹ fi rò pé ọmọ iléèwé yín ni mí? Ẹ wá nà mí lẹ́gba, mo tẹ́ ìdí sílẹ̀!"

Ẹ̀ṣẹ́ kan ni Tíṣà fi dá a lóhùn. Ó bá ẹnu tó là sílẹ̀ gan-an. Eyín kán bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ, ẹ̀jẹ̀ sì bo àgbọ̀n Jayéọlá. Ó gbé ọkọ́, ó fi ẹ̀rúkọ́ gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbàáyà. Àwọn méjèèjì wó lu ebè, wọ́n ń yí gbirigbiri, wọ́n fún ara wọn lọ́rùn, wọ́n fi orí gbá ara wọn, àgbàdo ń wó lábẹ́ wọn. Kò sí ẹni tó là wọ́n. Àárẹ̀ ló là wọ́n.

Jayéọlá tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "Ọwọ́ yín ń ṣẹ̀jẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Gbé ẹnu ẹ dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́. Ọmọ ìyá kan náà, àgbàlagbà! Sọ pé o ṣubú lórí kẹ̀kẹ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Màá mọ ohun tí màá sọ."

Egbò náà kò tóbi ju ìdajì ẹ̀wà lọ, lójú oríkèé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún.

"Ẹ̀gún ọsàn ni," ló sọ fún Dinah nílé.

"Ẹ jẹ́ ká gba dìsípẹ́nsárì lọ."

"Nítorí ẹ̀gún? Kí wọ́n máa bi mí léèrè bí ọlọ́pàá?"

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ju egbò lọ ni kí ìjọ gbọ́ pé Tíṣà tó ń ka Bíbélì fún wọn ló fi ẹ̀ṣẹ́ kán eyín ọmọ ìyá rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó mú kápúsù tó rà lọ́wọ́ Ṣàíbù, ọkùnrin tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ kiri oògùn láti Ìwòyè-Kétu lẹ́bàá ẹnubodè. Èdè Faransé ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kà á nínú àwọn tó ń rà á, kódà Ṣàíbù alára. Tíṣà ṣe bí gbogbo ará ibẹ̀ ti ń ṣe. Kò fi omi kan egbò. Ó tú kápúsù méjì, ó da ìyẹ̀fun inú wọn sójú ẹ̀, ó fi aṣọ dì í.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyẹ̀fun ti gan mọ́ ẹ̀jẹ̀, ó le bí èèpo ẹ̀pà.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Ó ti gbẹ."

Ó gbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n egbò tó gbẹ lókè tí kò tíì san nísàlẹ̀, ilé tí wọ́n ti olè mọ́ ni.

Ó ka Bíbélì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣí ìwé. Jayéọlá jókòó sẹ́yìn pátápátá, áńkáṣíìfù lẹ́nu. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀yìn ọwọ́ Tíṣà wú bí búrẹ́dì. Ó tún gbé kápúsù méjì mì. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ìlà pupa kan ti ọrùn ọwọ́ gùn dé igúnpá, kókó kan yọ lábíyá, otútù sì ń gbọ̀n ọ́n débi pé eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Dinah bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n lọ. Tíṣà ju àwo ọbẹ̀ lu ògiri.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú pátákó, òun náà sì tẹ̀lé e. Àwọn olùkọ́ gbé e délé. Dinah bẹ̀rẹ̀ láti fi aṣọ tútù nù ún lójú, àfi bó ṣe fò dìde, tó gbá a mọ́ ògiri, tó fún un lọ́rùn.

"Gbé pèrègún Bàbá padà! Olè! Gbé e padà!"

"Dinah ni! Èmi Dinah ni!"

Kò mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ ti di ojú àlejò. Mùnírù, awakọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló sáré wọlé, tó já ìka rẹ̀ kúrò lọ́rùn obìnrin náà níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù Mùnírù, ó di ilé ìwòsàn ní Ìláròó. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń ta ẹsẹ̀ mọ́ irin ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì Lábísí ló gbà wọ́n. Ó di ọrùn ọwọ́ Tíṣà mú, ó wo aago, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn?"

"Láti àná, mi ò rí i kó jáde."

"Kí ló gún un?"

"Ẹ̀gún ọsàn, lọ́jọ́ Sátidé."

Dókítà ha ìyẹ̀fun tó gan mọ́ egbò kúrò, ó fi ọ̀bẹ la orí oríkèé náà. Ọyún tú jáde, òórùn rẹ̀ lé Mùnírù síta. Dókítà ki ẹ̀mú bọ inú rẹ̀, ó fa ohun funfun kékeré kan jáde, ó jù ú sínú abọ́ irin. Ó dún kín-ín.

"Màmá, irú ẹ̀gún wo nìyí? Eyín èèyàn ni."

Dinah di ẹnu ara rẹ̀ mú. Nígbà tó wọlé ọkọ, Jayéọlá ti wà nílé, kò sì lè pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Nítorí bí eyín rẹ̀ ṣe funfun tó, Eyínafẹ́ ló ń pè é. Ó rántí áńkáṣíìfù ọjọ́ Sọ́ńdè.

Lẹ́yìn tí wọ́n fi omi àti oògùn sí Tíṣà lára, Dinah bi Nọ́ọ̀sì léèrè: "Ọwọ́ ló dùn ún. Kí ló dé tí kò tọ̀? Kí ló dé tí kò mọ̀ mí?"

"Ẹ̀yin ará Ayétòrò mọ ọ̀nà fàyàwọ́ dáadáa," ni Lábísí wí. "Bí ẹrù bá ṣì wà nínú igbó, aṣọ́bodè lè ká a mọ́bẹ̀. Bó bá já sí títì ọ̀dà ńkọ́?"

"Ó dé Abẹ́òkúta. Ó dé Èkó."

"Ẹ̀jẹ̀ ni títì inú ara. Ẹnu èèyàn kún fún kòkòrò àrùn. Eyín gbé wọn wọ oríkèé, ẹ da ìyẹ̀fun bò wọ́n mọ́lé, wọ́n ń bí sí i. Nígbà tí ibẹ̀ kún, wọ́n bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó gbé wọn dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ ò rí i bó ṣe ń mí bí ẹni tó sáré? Kíndìnrín náà ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ni kò fi tọ̀. Ara tó ń bá wọn jà tún ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹ̀jẹ̀ ò lágbára dé ọpọlọ mọ́, ìyẹn ni kò fi mọ̀ yín."

"Ó mu kápúsù, Nọ́ọ̀sì."

"Èyí tí oòrùn ti pa lórí kẹ̀kẹ́? Tí a ò mọ orúkọ ẹ̀? Méjì lónìí, òfo lọ́la?" Lábísí mí kanlẹ̀. "Ká ní ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ sọ pé eyín ni, à bá ti la ibẹ̀ fọ̀ dáadáa, ká gún un lábẹ́rẹ́ tó bá egbò eyín mu. Bóyá ilé ni ì bá wà lónìí."

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, ojú Tíṣà wálẹ̀ díẹ̀.

"Dinah. Jayéọlá ò bù mí jẹ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ki eyín rẹ̀ bọ ara mi. Sọ fún wọn."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Fúráìdeè, kí oòrùn tó dé àtàrí, ó kú.

Àwọn tó wá kí Tíṣà ní ilé ìwòsàn ti gbé ọ̀rọ̀ eyín náà ṣáájú òkú dé Ayétòrò, gbogbo ìlú sì ti rí àlàfo ẹnu Jayéọlá. Nígbà tí ọkọ̀ Mùnírù yà wọ àdúgbò, Ògúnníyì, àbúrò bàbá wọn, ti kó àwọn ọ̀dọ́ ilé jọ. Wọ́n ti fọ́ ilẹ̀kùn Jayéọlá, wọ́n ti wọ́ ọ síta. Ẹnì kan gbé gálọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù lọ́wọ́.

"Ó fi oògùn sẹ́nu! Ó fi eyín olóró pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nítorí ilẹ̀!" ni wọ́n ń pariwo.

Òkúta kan gbá Jayéọlá níwájú orí, ó la ibẹ̀ pẹrẹgẹdẹ. Ògúnníyì gbé àdá sókè. Dinah bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kò ní gèlè lórí, ó lọ dúró sáàárín àdá àti Jayéọlá.

"Ìyàwó, kúrò lọ́nà. Eyín ẹ̀ ló pa ọkọ ẹ!"

"Eyín kọ́, Bàbá. Ọjọ́ márùn-ún ni. Ọjọ́ márùn-ún tó fi bo egbò mọ́lẹ̀ ló pa á. Ọkọ mi ló na ẹ̀ṣẹ́, òun ló fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi kó tó lọ. Irọ́ ẹ̀gún tó pa, èmi ni mo gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá fẹ́ sun èèyàn, ẹ sun èmi náà mọ́ ọn."

Jayéọlá kúnlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. "Mo mọ̀," ó ní, afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo eyín rẹ̀ jáde. "Mo rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n lóko. Wọ́n ní kí n dákẹ́. Mo dákẹ́, torí pé ilẹ̀ tí mo jí ló ń tì mí lójú."

Àdá Ògúnníyì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó wo ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọ ojú Jayéọlá, ọkàn baba tún padà sí i lára. Ó ki ọwọ́ bọ àpò dàńṣíkí, ó mú kápúsù kan jáde, ó sì ń tú u láti da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò náà.

Dinah gbá a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá! Omi! Omi tó mọ́ àti ọṣẹ!"

Ọmọbìnrin kan sáré gbé e wá. Òkú ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Dinah sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ iwájú orí àbúrò ọkọ náà, ó fọ̀ ọ́ pẹ́, ó ń da omi sí i títí iyẹ̀pẹ̀ fi jáde tán.

"Dìde, Eyínafẹ́," ó ní. "Dìsípẹ́nsárì ò tíì tì. Mùnírù á mú ẹ lọ. Sọ fún wọn pé òkúta ni. Má pe òkúta ní nǹkan míì."

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ wo ọwọ́ yín, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yín. Egbò kékeré ò sí lójú kòkòrò. Ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má da ìyẹ̀fun kápúsù bò ó. Bó bá jẹ́ eyín ló dá a, ti èèyàn tàbí ti ẹranko, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Bí egbò bá ń wú, tí ibà àti ìgbọ̀n tẹ̀lé e, tí èèyàn ń mí gúlegúle, tí kò tọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Kí ẹ sì sọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀; ìwòsàn ni nọ́ọ̀sì ń wá, kò wá ẹjọ́.

Jayéọlá ti hú pèrègún méjèèjì, ó ti gbìn wọ́n padà sí àyè wọn lóko. Wọ́n ti yọ ewé tuntun. Dinah ló ń ro apá ibi tí oòrùn ti ń yọ báyìí, òun nìkan.