Bàbá Yìnyín àti Ogójì Ìgò Aláìlórúkọ

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú Bàbá Yìnyín dùn, ẹ kàn bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Á ti fa àga sọ́dọ̀ yín kí ẹ tó pa ẹnu dé. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí inú rẹ̀ bàjẹ́, ẹ sọ pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ fìrísà ní ọsibítù?" Ọjọ́ náà lẹ máa gbọ́ pé fìrísà ju fìrísà lọ.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe irọ́. Yàrá gígùn kan ló ń bójú tó lẹ́yìn ọsibítù, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ẹran ara kíún tí àwọn aráàlú fi sílẹ̀ fún ìwádìí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára o. Èyí wà fún àwọn onímọ̀ tó fẹ́ mọ ohun tó ń fa àìsàn, kí wọ́n lè padà wo ẹ̀jẹ̀ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn bí ẹni ń wo fọ́tò àtijọ́.

Ọdún méjìlélógún ni Bàbá Yìnyín ti wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tún fìrísà ṣe ni tẹ́lẹ̀. Ó wá tún ẹ̀rọ kan ṣe lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó dúró díẹ̀, kò sì lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́ náà, òun ló kọ́ ara rẹ̀.

Tí wọ́n bá gbé ẹ̀jẹ̀ dé, á gé pulasítà, á fi bíró kọ orúkọ sí i, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò kékeré náà. Orúkọ gidi kọ́ ló ń kọ, nítorí ó ní orúkọ àwọn ẹlòmíràn gùn ju ìgò lọ. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ wọ́n ló ń kọ: Ìyá Oníkọ́, Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, Ọkọ Kánjúkánjú. Tí ẹ bá bi í pé níbo ni ìwé àkọsílẹ̀ wà, á fi ìka gbá iwájú orí rẹ̀.

"Orí mi ni rẹ́jísítà," ló máa ń wí.

Lọ́dún tó kọjá, yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan fún irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Dókítà Àgbà, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ní kí Bàbá Yìnyín lọ. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà, ló lọ dípò rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, Bàbá Yìnyín ti sọ ọ́ lórúkọ kó tó gbé báàgì kalẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," ló wí. "Oṣù mẹ́sàn-án. Oyún ló ń gba oṣù mẹ́sàn-án. Kí ni wọ́n kọ́ ọ gan-an? Bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn fìrísà?"

"Wọ́n kọ́ wa ní ìgbà tí kò yẹ ká ṣí i, Bàbá."

"Ẹn-ẹ́n. Kí tún ni?"

"Bí a ṣe ń gbàṣẹ lọ́wọ́ èèyàn ká tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Bí a ṣe ń fún ìgò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, tí orúkọ ẹni tó ni ín á wà níbòmíràn lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ohun tí a máa ṣe tí iná bá lọ. Irú àmì tí òtútù ò lè ṣí."

"Pulasítà lẹ lọ kọ́ ní yunifásítì."

"Bàbá, fìrísà tuntun tí wọ́n gbé wá yìí tutù ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Gọ́ọ̀mù pulasítà yín ò ní lè dúró nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ àmì wọn ká tó kó wọn síbẹ̀, ká sì kọ wọ́n sínú ìwé."

Bàbá Yìnyín rẹ́rìn-ín àgbà. "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà."

"Àkísà yẹn náà ni mo ní kí ẹ jẹ́ ká pààrọ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà lọ sípàdé, Bàbá Yìnyín fúnra rẹ̀ kó gbogbo ìgò náà sínú fìrísà tuntun, pulasítà ń bẹ lára wọn, ó sì ń súfèé.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, Màmá Tíṣà wọlé. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Olùkọ́ ni màmá náà kó tó fẹ̀yìn tì, mẹ́ta nínú ọmọ Bàbá Yìnyín ló sì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, ó sì rọra jókòó.

"Bàbá Yìnyín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo àdúgbò wa fún yín lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn?"

"Mámà, ṣé mo lè gbàgbé? Ẹ̀yin ogójì."

"Kíndìnrín mi ló ń ṣe mí. Àwọn dókítà ní oògùn méjì ló wà. Tó bá ti ń bá mi bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, ọ̀kan ló yẹ mí. Tó bá jẹ́ àìpẹ́ yìí ló dé, èkejì ni. Ẹni tó bá lo èyí tí kò yẹ ẹ́, á ba èyí tó kù lára kíndìnrín ẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ ọ́n. Mo ti fọwọ́ síwèé, lẹ́tà wọn nìyí."

"Ìṣẹ́jú méjì, Mámà. Ẹ má tíì fẹ̀yìn ti àga."

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí fìrísà, ó fa dúrọ́ọ̀ àdúgbò wọn jáde. Pulasítà kún ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ náà, wọ́n ti gbẹ, wọ́n ti ká kò bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀. Ogójì ìgò dúró lórí wọn ní ìhòòhò, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

Jìnnìjìnnì bò ó, kì í sì í ṣe ti òtútù. Ó pe rẹ́jísítà orí rẹ̀, rẹ́jísítà kò jẹ́ ẹ. Ó rántí ẹ̀rín Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín dáadáa, ó rántí bí Ọkọ Kánjúkánjú ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú nígbà tó rí abẹ́rẹ́, àmọ́ kò rántí ibi tó to ẹnikẹ́ni sí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú yẹ̀ wọ́n wò. Màmá Tíṣà jẹ́ onísùúrù èèyàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò rọra dì, kò ní le koko. Ó mú ọ̀kan, ó dá a padà. Ó mú òmíràn tó dà bíi pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan, ó gé pulasítà tuntun, ó sì yọ bíró.

Ta ló máa mọ̀? Ojú ló ń tì í, ká má parọ́. Báwo ni yóò ṣe jáde lọ sọ fún olùkọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun kò mọ ìgò rẹ̀ mọ́, òun tí gbogbo àdúgbò ń kí ní Bàbá Yìnyín?

"Bàbá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wà ní ẹnu ọ̀nà. Ó wo dúrọ́ọ̀, ó wo bíró, kò sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Èyí ni tiẹ̀," ni Bàbá Yìnyín wí. "Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ lè búra?"

Bàbá Yìnyín tún gbé ìgò náà sókè, ó wò ó.

"Bàbá, ìgò tí kò lórúkọ ò tíì pa ẹnikẹ́ni lára. Tí ẹ bá kọ orúkọ Mámà sára ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì, àìsàn ẹlòmíì ni wọ́n máa fi fún Mámà lóògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé bíró yẹn."

Ó dé bíró. Ọ̀jọ̀gbọ́n ya ìgò tí Bàbá mú sí igun kan, ó sáré ti dúrọ́ọ̀ padà kí òtútù má bàa jáde tán, àwọn méjèèjì sì jọ lọ bá màmá náà. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àga náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n kò rin ìrìn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Mámà," ló wí, "mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Àmì wọn ti já. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹ foríjì mí."

Màmá Tíṣà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. "Ó dùn mí o," ló wí. "Ṣé ó ti sọnù nìyẹn?"

"Kò sọnù, Mámà, ó dàpọ̀ ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "A máa gba ẹ̀jẹ̀ tuntun lára yín lónìí. A máa gbàṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà a máa fi tiyín wé gbogbo ogójì. Àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn kọ̀ọ̀kan tí kò jọ ti ẹlòmíì, ẹ̀jẹ̀ á dá olówó ẹ̀ mọ̀. Ó máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá kọ̀wé sí àwọn dókítà yín pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n má tíì lo oògùn kankan nínú méjèèjì."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, oúnjẹ kò wọ Bàbá Yìnyín lọ́fun dáadáa. Láràárọ̀ ló ń yà sílé Màmá Tíṣà láti bi í pé ẹsẹ̀ ńkọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní tó bá jẹ́ pé báyìí ló ṣe ń béèrè ẹsẹ̀ tòun ni, òun ì bá ti máa sáré ìje.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n pè é jókòó.

"A ti rí ti Mámà, Bàbá. Kò sí àìsàn nínú ẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Oògùn kejì ló yẹ ẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Bàbá Yìnyín mí kanlẹ̀. "Èyí tí mo mú lọ́jọ́ yẹn náà ni, àbí?"

"Rárá o. Àìsàn kíndìnrín ti wà nínú ìyẹn láti ìgbà yẹn. Oògùn kìíní ni wọn ì bá fún Mámà." Ó rọra gbọ́wọ́ bo ẹnu. "Ọkùnrin ló tilẹ̀ ni ín."

"Ọkùnrin? Èwo nínú wọn?"

"Mi ò lè sọ fún yín. A tún gba ẹ̀jẹ̀ tuntun lára àwọn tó kù, ìyẹn la fi mọ onítọ̀hún, Dókítà sì ti pè é fún ìtọ́jú."

"Èmi tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá?"

"Ẹ̀yin gan-an, Bàbá."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Tíṣà, kò fi ìkankan pamọ́, títí dé orí bíró tó yọ. Màmá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọkùnrin ni mo jọ lójú yín," ló wí. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó sì wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ iléèwé. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni. Ẹni tí kò mọ̀ kì í yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tán ni mo máa ń gbé síjókòó iwájú, kí n lè máa rójú ẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ yunifásítì yẹn?"

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Bàbá Yìnyín ti wà ní yunifásítì. Òun ló dàgbà jù ní kíláàsì, ìjókòó iwájú ló sì wà.

Ẹ̀yin ará wa, fífún àwọn onímọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí jẹ́ oore ńlá, ẹ má ṣe sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn na apá. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ gba nọ́ńbà yín, ẹ sì bi wọ́n léèrè bóyá ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ kọ́ṣẹ́ náà. Bí ọkàn yín bá yí padà lọ́la, ẹ lè sọ pé ẹ kò ṣe mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọsibítù, fìrísà olówó ńlá kò tó. Ẹ rán àwọn tó ń bójú tó o lọ sí yunifásítì, kódà bí ẹ̀yìn bá ń dùn wọ́n. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ Bàbá Yìnyín ńkọ́? Nọ́ńbà ni kí ẹ lò, ẹ má lo orúkọ ìnagijẹ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má kọ ọ́ sórí. Bí ẹ bá sì bá ìgò kan pàdé tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Kíndìnrín Màmá Tíṣà ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní nítorí pé ẹnì kan gbà láti jẹ́ kí ojú ti òun.