Kẹ̀kẹ́ Tó Gbé Ọláwùmí Lọ Pàgọ́

Ìka méjì péré ni ọkùnrin náà fi gbé odidi kẹ̀kẹ́ sókè, bí ìgbà tí ọdẹ bá di ehoro létí mú gbé sókè. Kẹ̀kẹ́ náà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ níwájú fèrèsé, oòrùn oṣù kẹrin sì ń tàn yinrin lára irin rẹ̀. Ọláwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ní òpópónà Danforth nílùú Toronto, kò wọlé, kò jáde.

"Yéè! Àṣé kò wúwo!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ó ga, ó dúdú dáadáa, gírísì sì ta sí i nímú láìjẹ́ pé ó mọ̀. "Ọmọ Yorùbá ni yín! Ẹ wọlé, ma. Àpò ìrẹsì kékeré wúwo jù ú lọ."

Ṣíwọlá lorúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ẹrù ló ń kó nílé ìkẹ́rùsí kan ní Vaughan. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbí. Ọláwùmí ní tirẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Meadowvale. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti ń gba ṣíìfù lé ṣíìfù, kò rí ju ògiri àti ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì lọ. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọdún yìí kò ní í tán kí òun tó sùn nínú àgọ́ lẹ́bàá omi, kẹ̀kẹ́ ni yóò sì gbé òun débẹ̀.

Ó nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ pupa kan tó tín-ín-rín bí egungun ẹja. "Èyí ni mo fẹ́."

"Ti eré ìje nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá di àgọ́ àti ìkòkò lé e, á máa gbọ̀n bí ẹni ibà mú."

"Kí ló kàn yín níbẹ̀? Ṣebí owó mi ni?"

"Orí yín ló kàn mí, ma."

Ó fa aláwọ̀ ewé kan jáde. "Ẹ má wo àwọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n máa de irin agbẹ́rù mọ́, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ wo táyà tó fẹ̀ díẹ̀. Jíà tó kéré jù yìí ni yóò gbé yín gun òkè nígbà tí ẹsẹ̀ bá ní òun ò ṣe mọ́. Kó fúyẹ́ dára, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè ru ẹrù."

Ó so àpò iyanrìn mẹ́rin mọ́ ọn, ó ní kó gùn ún yí àdúgbò ká. Nígbà tí Ọláwùmí fi máa dé ìyànà kẹta, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ kan. Ó ra aláwọ̀ ewé.

Bó ṣe ń gbé e padà wá fún àyẹ̀wò, òun àti Ṣíwọlá di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ lọ bọ́ sí oṣù kẹfà. Ọláwùmí kó ìkòkò irin àti ìlàjì iṣu.

"Wùmí," Ṣíwọlá bi í, "ṣé pípàgọ́ là ń lọ ni, àbí o ń kó kúrò nílé?"

"Ṣé bísíkíìtì lo fẹ́ fún mi jẹ nínú igbó?"

Òkè kejì ni Ṣíwọlá ti gba ìkòkò náà sórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Kò ráhùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń jẹ àsáró létí adágún, Ọláwùmí mọ̀ pé ọkàn òun ti lọ.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ọládélé ló dá tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Nígbà òtútù àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ní Kánádà, bọ́ọ̀sì kò dé fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó pọn ọmọ ọdún méje náà sẹ́yìn, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé. Èkánná méjì ló bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ náà ló búra pé ọmọ òun kò ní í jìyà òtútù mọ́. Ní báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ mọ́tò ní Oakville.

Nígbà tí Ọláwùmí sọ̀rọ̀ Ṣíwọlá fún un, ó fárí gá. "Èmi tí mò ń to mọ́tò, àna mi á wá máa wa pẹ́dàlì? Kò sí ohun tó jọ ọ́!"

"Dádì, ẹ kọ́kọ́ rí i ná."

Ọláwùmí ti sọ fún Ṣíwọlá láìfi bò: "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n bí Dádì ò bá súre, mi ò lè fẹ́ ọ."

Wọ́n yà kí bàbá náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan tí Ṣíwọlá gbàyè ní ṣọ́ọ̀bù nínú oṣù kẹwàá, bí wọ́n ṣe ń lọ pàgọ́ nítòsí Oakville. Òjò tútù lù wọ́n láti Toronto débẹ̀. Ìka Ṣíwọlá ti kú tipiri. Kò lè tú okùn akoto tó dé sórí. Ó ṣì ń bá a jà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Kó má baà dúró ṣánṣán níwájú àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun takoto.

Ojú Ọládélé le koko. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí bàbá nílé yín nìyẹn? O ò lè ṣí orí fún mi?"

"Ẹ má bínú, sà, ìka mi ló—"

Ilẹ̀kùn ti padé.

"Wọlé tọ Dádì lọ," Ṣíwọlá sọ jẹ́jẹ́. "Èmi á máa lọ."

"Nínú òtútù yìí? Ìwọ nìkan? Gun kẹ̀kẹ́ rẹ, jàre."

Kálukú sùn nínú àgọ́ tirẹ̀. Ọláwùmí fi àpò ìsùn bo ẹnu kí Ṣíwọlá má baà gbọ́ ẹkún òun.

Ilẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ìró mọ́tò. Ọládélé, tí ọmọ rẹ̀ ti sọ ibi tí wọ́n máa pàgọ́ fún tẹ́lẹ̀, ló dé, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lápá, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Ó rí àgọ́ méjì tó jìnnà síra. Ó rí Ṣíwọlá lórí ìkúnlẹ̀ nídìí sítóòfù, ìka rẹ̀ wú, kò lè ṣáná. Ìtìjú mú bàbá náà. Ó gbé ojú lọ sára kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Lójijì ló lóṣòó.

"Wùmí, ta ló fa ìlà funfun sí àwọn nọ́ọ̀tì yìí?"

"Èmi ni, sà," Ṣíwọlá dáhùn. "Bí mo bá ti dè é le, mo máa ń fa ọ̀dà gbà á kọjá. Tó bá yẹ̀ díẹ̀, ìlà náà á já, ojú á sì rí i."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ọládélé ti ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára mọ́tò. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyà ni, sà. Táyà yọ nídìí mi lọ́nà Vaughan lóṣù kejì, yìnyín kún ilẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ti Wùmí yọ."

Bàbá náà yẹ kẹ̀kẹ́ kejì wò. Kò rí ìlà kankan. "Tìẹ ńkọ́?"

"Tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀dà wá tán."

Ọládélé lọ sídìí mọ́tò, ó mú sípánà àti ọ̀dà wá, ó kúnlẹ̀ sórí ewé tútù. Ó ń de nọ́ọ̀tì Ṣíwọlá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fàlà sí i. Láìgbórí sókè, ó ní: "Sọ fáwọn èèyàn rẹ kí wọ́n mú ọjọ́ tí wọ́n máa wá mọ̀ wá."

Ṣíwọlá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n… mi ò tíì bi í bóyá á fẹ́ mi o."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Ṣíwọlá dìde, ewé lẹ̀ mọ́ ọn láyà. "Ọláwùmí, olólùfẹ́ mi, bí ìwọ bá…"

"Mo gbà!"

"Mi ò tíì sọ ọ́ tán!"

"Tọ́jú ìyókù. Wàá sọ ọ́ fún mi nígbà tá a bá dé ilé wa."

Ọládélé ju sípánà sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì kígbe tó jí gbogbo ibùdó: "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ bá mi yọ̀ o!"